Ewé Pẹ̀lú Máa Ń Ní Ibà: Ọ̀rọ̀ Omi Oko Ẹ̀ẹ̀rùn ní Karu

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ènìyàn wa ní Karu sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ alága ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ omi ni, omi tí à ń bu sí oko ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ń gbé Karu, Nyanya, Jikwoyi, Kurudu, Orozo títí dé Karshi mọ̀ pé bí òjò bá ti káṣẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹwàá, kò tún sí òjò gidi mọ́ títí di nǹkan bí oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀. Láàárín oṣù márùn-ún yẹn, ẹni tó bá fẹ́ jẹ tẹ̀tẹ̀, ewédú, tòmátì tàbí ata tútù, yóò rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń bomi rin ín ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì ni ẹni tó ń bomi rin ín náà: ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó gba ilẹ̀ kékeré létí odò, olùkọ́ tó ń lọ sóko ní òpin ọ̀sẹ̀, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó rí i pé èrè ẹni tó gbìn ín ju ti ẹni tó ń tà á lọ.

Omi yìí ni ìjà máa ń wà lé lórí. Odò kéékèèké tó ń ṣàn gba àárín àdúgbò wa kì í ṣe Odò Ọya. Bí oṣù kejì bá wọlé, òmíràn á ti di ohun tí ọmọdé lè fò kọjá. Ẹni tó wà lókè odò á gbé pọ́ǹpù sí i, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á máa wo ẹrẹ̀. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá wá jẹ́ ọmọ onílẹ̀, tí ẹni òkè sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tó gba ilẹ̀ dáko, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń já sí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni burú nínú wọn. Kò sí èyí tó lè fi hàn gbangba pé oko tòun ló ń kú lọ, pé ti ẹnìkejì ṣì lè dúró di ọ̀túnla. Kálukú ló ń búra pé tòun ló le jù.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Kí ìjọba àpapọ̀ tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó ₦200 nílé epo ìjọba. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó di ₦537 ní Àbújá, nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún yẹn ó ti di ₦617, kò sì tíì padà sí ti àná láti ìgbà náà. Pọ́ǹpù kékeré tí à ń gbé sétí odò, epo yìí náà ló ń mu. Wákàtí kan tí a fi bomi rin ebè tí òùngbẹ kò gbẹ, owó ni a dà sílẹ̀. Omi àlékún náà á tún fọ ajílẹ̀ tí a rà lówó gọbọi lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí gbòǹgbò kò ti lè bá a. Bí a bá sì wá jáfara nígbà tí tòmátì ń tan òdòdó lọ́wọ́, òdòdó á gbọn dànù, omi kankan kò sì ní dá a padà sórí igi.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kí a bomi rin? Àwọn kan ń ka ọjọ́: ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ó parí. Àwọn kan ń ti ìka bọ ilẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù ń wo ojú ewé, bí ó bá rọ, wọ́n á tan pọ́ǹpù. Ìka kò burú rárá, a ó padà sọ́rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú máa ń tan ni jẹ. Ewé elégédé àti ti ẹ̀gúsí máa ń rọ lọ́sàn-án gangan nígbà tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, bí oòrùn bá sì rọlẹ̀, á tún dìde bí ẹni tó sùn lọ. Ata ní tirẹ̀ lè dúró ṣánṣán fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ìyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Nígbà tí ojú bá fi máa rí i, ọ̀gbìn náà ti dáwọ́ dúró láti dàgbà. Ohun tó yẹ kí a wá ni àmì tó ń ṣáájú rírọ, àmì yẹn sì wà. Ooru ara ewé ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tó wà nílé wa ṣàlàyé. Gbogbo wa la mọ àmù, ìkòkò omi alámọ̀ tí àwọn ìyá wa ń gbé sí igun ilé. Kí ló dé tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù láìsí iná mànàmáná? Omi ń yọ́ jáde gba ara ìkòkò, ó ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, bí ó sì ti ń gbẹ ló ń kó ooru lọ. Bí a bá fi ọ̀dà kun ara àmù náà yíká, omi kò ní rí ọ̀nà yọ, kò sì ní tutù mọ́. Àwọn onílẹ̀ wa níbí, àwọn Gbagyi tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwari, mọ iṣẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ wọn ni Ladi Kwali, ọmọ ìlú Kwali tó wà ní FCT yìí, tó kú ní 1984, ẹni tí àwòrán rẹ̀ níbi tó ti ń mọ ìkòkò wà lẹ́yìn owó ₦20 tí gbogbo wa ń ná.

Bí àmù ṣe ń ṣe ni ewé ń ṣe. Ihò tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ kún ara ewé, pàápàá ní abẹ́ rẹ̀. Láti inú ihò wọ̀nyí ni omi tí gbòǹgbò fà ti ń yọ jáde, ohun tó sì ń mú kí ewé tutù lábẹ́ oòrùn nìyẹn. Bí omi ilẹ̀ bá ti ń dínkù, ọ̀gbìn á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ihò rẹ̀ dé kí ìwọ̀nba omi tó kù lára rẹ̀ má baà tán. Ó ti fi ọ̀dà kun ara rẹ̀ nìyẹn. Ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí ẹ bá wò ó, ó ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó ṣì dúró, ṣùgbọ́n ibà ti mú un.

Ìyá tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibà ń ṣe ọmọ, ẹ̀yìn ọwọ́ ló ń gbé lé e níwájú orí. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, gbogbo wa la rí ẹ̀rọ tó rọ́pò ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn: ohun kan bí ìbọn tí ẹ̀ṣọ́ ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà báǹkì, ilé ìwòsàn àti ilé ìjọsìn. Kò fara kàn wá, síbẹ̀ ó ń ka ìgbóná ara wa. Ohun tó ń kà ni ìtànṣán ooru tí gbogbo nǹkan ń tú jáde, tí ojú ènìyàn kò lè rí. William Herschel ló kọ́kọ́ kíyè sí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1800. Kámẹ́rà ooru kò yàtọ̀ sí ìbọn náà: dípò kó ka ojú kan ṣoṣo, ó ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fi wọ́n ya àwòrán, ibi tó gbóná ní àwọ̀ kan, ibi tó tutù ní àwọ̀ mìíràn. Ẹ gbé e kọjú sí oko, ebè tí òùngbẹ ń gbẹ á yọ sílẹ̀ láàárín àwọn tó kù.

Àwọn tó sọ ọ́ di òǹkà tí àgbẹ̀ lè lò ni Ray Jackson, Sherwood Idso àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Phoenix ní Arizona, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n bí ojú tó ń ṣẹ́jú. Ní 1981 wọ́n tẹ ọ̀nà ìṣirò kan jáde tó ń lọ láti òdo dé ení. Òdo túmọ̀ sí pé ewé ń mu omi tó tó; ení túmọ̀ sí pé ó ti pa gbogbo ihò rẹ̀ dé. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀n: ìgbóná ewé, ìgbóná afẹ́fẹ́, àti bí afẹ́fẹ́ náà ṣe gbẹ tó. Lónìí àwọn olóko àjàrà ní Sípéènì àti Kalifóníà ń lo ọ̀nà yìí àti irú rẹ̀ láti mọ apá ibi tí omi yẹ kó lọ.

Ẹ̀kẹta yẹn, gbígbẹ afẹ́fẹ́, ni a fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ní Èkó, afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, òógùn kì í tètè gbẹ lára ènìyàn, kì í sì í tètè gbẹ lára ewé. Nítorí náà ewé tó mu omi yó àti èyí tí òùngbẹ ń gbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra níbẹ̀. Ní Karu ńkọ́, nígbà ọyẹ́? Aṣọ tí a sá láàárọ̀ ti gbẹ kí a tó jẹun ọ̀sán, ètè ń là, ìgìgísẹ̀ ń là. Afẹ́fẹ́ tó ń là wá létè yìí gan-an ló ń mú kí ewé tó ń mu omi tutù gidigidi, kí ti aláìrómimu sì fi ìyàtọ̀ hàn kedere. Ohun tí à ń ráhùn lé lórí níbí ló mú kí ọ̀nà yìí wúlò fún wa ju fún àwọn ará ilé lọ. Ọjọ́ tí eruku ọyẹ́ bá bo ojú oòrùn nìkan ni kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ní ilẹ̀ wa gan-an, àwọn onímọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn àti àìtó omi ṣeré. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ìpínlẹ̀ Ògùn, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ti ń gbin àgbàdo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti ọdún pípẹ́. Wọ́n á bomi rin ín fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á wá mọ̀ọ́mọ̀ dáwọ́ omi dúró, kí wọ́n lè rí irúgbìn tó lè fara da ọ̀dá. Bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó fara dà á ni pé wọ́n á fi ojú wo ewé, wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 9: 1 ni pé ewé ṣì tutù, 9 ni pé gbogbo rẹ̀ ti kú tán. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì ń jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ikú ewé ni ojú ń kà níbẹ̀? Fún olùwádìí tó fẹ́ ṣa irúgbìn, ìyẹn tó. Fún ẹni tó fẹ́ kórè tà, ó ti pẹ́ jù. Ní 2011, àwọn onímọ̀ láti Jámánì àti Mexico tẹ àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n fi kámẹ́rà ooru ṣe lórí àgbàdo ilẹ̀ olóoru jáde, wọ́n sì rí i pé àwọn àgbàdo tó fara da ọ̀dá ni ewé wọn tutù ju ti àwọn tó kù lọ lábẹ́ ìyà kan náà.

Ẹnì kan lè ní ṣebí ìjọba ní sátẹ́láìtì, kí ló dé tí wọn kò fi ti òkè wo oko wa? Ìbéèrè tó dára ni, pàápàá fún àwa tí à ń gbé Àbújá tí NASRDA wà ní Lugbe, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. NigeriaSat-1 gòkè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2003. NigeriaSat-2 tẹ̀lé e ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 2011. Ohun àmúyangàn ni wọ́n jẹ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè rí ooru nínú méjèèjì. Àwọ̀ ni wọ́n ń rí: àwọ̀ ewé, àwọ̀ pupa, àti èyí tó wà lẹ́yìn pupa díẹ̀ tí ojú wa kò rí. Àwọ̀ yẹn ń fi hàn bóyá ewé pọ̀, bóyá ó tutù yọ̀yọ̀. Ìtàn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni àwọ̀ ń sọ. Ooru ló ń sọ ohun tó ń bọ̀.

Sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Landsat rí ooru, ọ̀fẹ́ sì ni àwòrán rẹ̀ láti 2008. Méjì ló ń yí ayé ká lónìí, èyí tó gòkè ní 2013 àti èyí tó gòkè ní 2021, láàárín àwọn méjèèjì wọ́n ń kọjá lórí wa ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹni tó ní oko àgbàdo hẹ́kítà 50 ní ẹ̀yìn Keffi lè jàǹfààní níbẹ̀. Ní etí odò Karu ńkọ́? Ojú kan ṣoṣo nínú àwòrán ooru rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 100 lọ́nà méjèèjì, hẹ́kítà kan gbáko. Nínú hẹ́kítà kan ní Karu, a ó rí ebè ewédú ogún, òrùlé páànù mẹ́wàá, ọ̀nà ọ̀dà, àti ibi tí wọ́n ń ta bulọ́ọ̀kù. Gbogbo rẹ̀ ni yóò pa pọ̀ di òǹkà kan. Ooru páànù ni yóò máa sọ fún wa.

Dúróònù, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀, lè gbé kámẹ́rà ooru sún mọ́ oko dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ọmọ kankan má lọ ra dúróònù kó máa fò ó ní Karu nítorí pé ó kà á níbí. Láti 2016 ni àjọ NCAA ti ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fò ó láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Karu kò sì jìnnà sí Asokoro. Ìdí ebè tòmátì kọ́ ló yẹ kí àwọn agbófinró ti wá mú ọmọ wa.

Ohun tó wá kù ni èyí tí a lè mú lọ́wọ́: ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru bí ìbọn, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù àti mẹkáníìkì ń lò, tàbí kámẹ́rà ooru kékeré tí a ń kì bọ ìdí fóònù. Èyí àkọ́kọ́ kò wọ́n rárá, èkejì wọ́n ju ohun tí àgbẹ̀ kan lè dá rà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má gbé èyí tó rà fún Kòrónà lọ sóko o. Ara ènìyàn nìkan ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, bí ohun tí a nà án sí bá ti tutù jù tàbí gbóná jù fún ara ènìyàn, kò ní sọ òtítọ́.

Bí a ó ṣe lò ó kò le, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìfarabalẹ̀. Ẹ yan ebè kan ṣe àwòṣe. Ẹ fún un lómi yó ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì, láàárín agogo méjìlá sí méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn mọ́lẹ̀ tí atẹ́gùn kò sì pọ̀, ẹ ka ìgbóná ewé ebè yẹn, kí ẹ tún wá ka ti àwọn tó kù tó jẹ́ irú ọ̀gbìn kan náà. Ewé ni kí ẹ fi wé ewé, kì í ṣe òǹkà inú ìwé òyìnbó, nítorí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú lè fi dígíríì méjì ṣìnà, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣìnà bákan náà lórí ebè méjèèjì, ìyàtọ̀ àárín wọn ṣì dúró. Ẹ sún mọ́ ewé, ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí díẹ̀ sí i. Bí a bá ṣe ń jìnnà ni ojú tí ẹ̀rọ ń kà ń fẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ àárín ebè á sì wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbóná ju ewé lọ fíìfíì, òǹkà èké ni yóò sì fún wa. Ẹ ka ewé mẹ́wàá nínú ebè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ebè tí ìyàtọ̀ òun àti àwòṣe ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ni omi kàn.

Ìka tí a ní a ó padà sọ́rọ̀ rẹ̀ dé báyìí. Ewé tó gbóná nígbà tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù, òùngbẹ kọ́ ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé aràn inú ilẹ̀ ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀, tàbí pé àrùn arọnilójijì tó ń pa tòmátì ti dí ọ̀nà omi inú rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé omi ti pọ̀ jù débi pé gbòǹgbò kò rí atẹ́gùn mí sí. Bí a bá tún da omi sí irú rẹ̀, a ń yára sin ín ni. Nítorí náà, lẹ́yìn ẹ̀rọ, kí ìka tún wọ ilẹ̀. Ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú, ó máa ń tètè pa ihò ewé rẹ̀ dé, á gbóná, á sì máa gbélé rẹ̀ lọ láìkú. Bí ẹ̀rọ bá ní ẹ̀gẹ́ ń gbóná, ẹ fi í sílẹ̀, kí omi lọ sí ìdí ata.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní bàbá wọn kò fi ẹ̀rọ dáko, oko náà sì jẹ́ oko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbo ni bàbá wọn ti dáko? Ní Ọ̀yọ́, ní Ẹ̀gbá, ní Ìjẹ̀bú, níbi tí òjò ti ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tó kàn ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Òjò ẹ̀ẹ̀kan ni ti ibí, bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Wọn kò sì fi epo bẹntiróòlù bomi rin ìlá nígbà náà.

Àwọn kan á ní kí a kúkú gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí oko, kí a yé dí odò. Fún ẹni tó ní ilẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ṣe sọ ní abala 297, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ FCT. Onílẹ̀ tó fún wa ní etí odò gan-an, àtìpó ni lójú òfin lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ọ̀ràn tó ń dùn wọ́n tó sì yẹ kó yé wa. Lọ́jọ́ tí katapílà bá dé, kànga kò ṣeé gbé lérí. Ẹ̀rọ tó wọ àpò, tó sì lè bá wa lọ sí oko mìíràn, ló yẹ ẹni tó wà nípò wa.

Ìdí tí a fi ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, dípò kí a bá àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́, ni pé ọ̀rọ̀ odò la fi bẹ̀rẹ̀. Bí èmi nìkan bá ní ẹ̀rọ, èmi nìkan ni yóò máa dáre fún. Bí ẹgbẹ́ bá ní in, tí a sì ń lò ó ní ojú àwọn onílẹ̀, ó di ẹlẹ́rìí. Èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó bá ní àgbẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn nínú ra ìbọn ooru méjì àti kámẹ́rà fóònù kan. Owó rẹ̀ kò tó èyí tí à ń ná lórí aṣọ ẹbí ayẹyẹ ọdún kan, kí a má sì tíì ka ti olórin. Kí wọ́n fi ìbọn kan fún àwọn onílẹ̀, láìyá a, kí ó jẹ́ tiwọn. Kí ọmọ tiwa kan àti ọmọ tiwọn kan jọ máa ka ewé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti òkè odò dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì kọ òǹkà náà sára pátákó níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i. Ìlà pọ́ǹpù á tẹ̀ lé òǹkà yẹn: ẹni tí ewé rẹ̀ gbóná jù ló kàn, ìbáà jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ìbáà jẹ́ Yorùbá, Tiv tàbí Hausa.

A kò ṣe bí ẹni tí kò mọ ènìyàn. Ẹnì kan á wà tí yóò na ẹ̀rọ sí ilẹ̀ gbígbẹ kí òǹkà rẹ̀ lè ga. Ẹlòmíràn á mọ̀ọ́mọ̀ fi ebè kan ṣòfò kí ó lè gba omi fún mẹ́wàá. Nítorí náà ẹni tó ni oko kọ́ ni yóò yan ebè tí wọ́n ó kà, ẹnìkejì rẹ̀ ni. Kí wọ́n sì fi ilẹ̀ tí ìka wọ̀ ṣe ẹ̀rí kún un. Ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́ẹ̀mejì, kí pọ́ǹpù rẹ̀ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan.

Oṣù kọkànlá ló yẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi ṣì pọ̀ tí kò sì tíì sí ẹni tó ń bínú. Láàárín oṣù náà, kí àwọn ọmọ tí a yàn fi ebè tẹ̀tẹ̀ àti ata kọ́ ọwọ́, kí wọ́n mọ bí ìyàtọ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó kí ewé tó rọ lórí ilẹ̀ tiwa níbí, nítorí ilẹ̀ iyanrìn etí odò kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ amọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò ti ní ìwé òǹkà bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ́wọ́ kí odò tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní oṣù kejì. Kí alága àti akọ̀wé gbé ìwé náà lọ bá àwọn àgbà onílẹ̀ nínú oṣù kìíní, kí wọ́n jọ jókòó lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ tan pọ́ǹpù.